Okùn Ìdí Ọ̀gànwó

Bí Abíọ́nà ọmọ mi ṣe ti Jàpáànù dé, kò tíì kí ènìyàn tán tó fi lọ kí igi. Ọ̀gànwó bàbá mi ni, lóko wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, èyí tí ọwọ́ ọkùnrin mẹ́ta ò ká. Ó ní kyoboku ni wọ́n ń pe igi ràbàtà bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n a máa fi okùn koríko yí ìdí òmíràn ká, kí ayé lè mọ̀ pé ohun ọ̀wọ̀ ni. Ló bá hun okùn tirẹ̀, ó so ó.

Mo ní, “Abíọ́nà, tú u. Ààlè lò ń fi sí i yẹn.” Ta ni kò mọ̀? Ẹni bá so nǹkan mọ́ igi nílẹ̀ wa, ó ń sọ pé òun lòun ni ín, kí olè yàgò. Ọmọ tí obìnrin ilé bí wá ń fi ààlè sí igi ìdílé! Alákọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, kò tú u.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Waheedat, kó àwọn oní-gẹdú dé pẹ̀lú ẹ̀rọ agégi.

“Misturat, ọmọ ẹ fẹ́ jogún bàbá wa lójú mi? A ó gé e lónìí, ká wo ẹni tó ni ín!”

Abíọ́nà sáré lọ di igi mú. “Bàbá Waheedat, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé tèmi ni. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni!”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

“Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni? Ṣé bàbá mi ò bímọ ni?”

Ó gbá a létí, ó ta á nípàá níhà, ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́nu ọmọ mi, kò sì jẹ́ kúrò. Ẹ̀rọ ń bú ramúramù. Ẹ̀gbọ́n mi yọ àdá láti gé okùn náà, Abíọ́nà sì fi ọwọ́ bo ojú kókó rẹ̀. Àdá ò dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi bọ́ sínú koríko.

Mo gbé òkúta, mo là á mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, mo tún là á. Àwọn oní-gẹdú ló fà mí kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn, wọ́n sá lọ.

Wọ́n tọ́jú Abíọ́nà ní Ṣakí, kò kú. Áfáà ní ká sin ọwọ́ náà, ìdí ọ̀gànwó la sin ín sí. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ fi àdá kan igi yẹn, títí kan ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó ń kọjá a máa bọ́ fìlà.

Abíọ́nà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe fún kyoboku gan-an nìyẹn. Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Igi wà lóòró, àárọ̀ yìí náà èmi ni mo bá ọmọ mi so okùn ṣòkòtò rẹ̀.