Ó Ránṣẹ́ Pe Òpìpì

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń ka ọjọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ jókòó, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Èmi ni Àmúdàtù, ìyàwó Sùnmọ́nù tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Àgbàlá wa ní Muṣin níbí ni gbogbo èèyàn ti ń wá wo adìyẹ. Ọ̀gá òyìnbó kan ní Èbúté Mẹ́ta ló fún ọkọ mi ní àkùkọ pupa ńlá kan nígbà tó ń padà sí ìlú wọn. Sùnmọ́nù gbé e wálé lábẹ́ abíyá, ó dà á pọ̀ mọ́ àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ wa. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí, háà! Wọ́n ga, wọ́n sanra, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń yé bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún. Àmọ́ wọn kì í sàba. Bí wọ́n bá ti yé ẹyin tán, wọ́n bá tiwọn lọ nìyẹn, wọn ò ní wẹ̀yìn. Adìyẹ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, òpìpì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìyẹ́ lára, òun ló ń bá gbogbo wọn sàba. Ẹyin ẹni yòówù tí ẹ bá kó sábẹ́ rẹ̀, á jókòó tì í. Bí kì í bá ṣe Òpìpì, ìran àkùkọ yẹn ì bá ti parun nílé wa.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ gbé Sùnmọ́nù lọ sí Kàdúná, mo sìn ín dé tésàn rélùwéè ní Yábàá. Ó ní, "Àmúdà, bá mi tọ́jú adìyẹ mi. Kí àwọn kéékèèké wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, màá ti ránṣẹ́ wá mú ẹ." Wọ́n yé. Ọmọ wọn yé. Ọmọ ọmọ wọn ló ń yé báyìí. Iléyá mẹ́rin ni mo ti ṣe láìsí ọkọ. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti ránṣẹ́ wá mú ìyàwó wọn, àwọn kan tiẹ̀ ti bímọ sọ́hùn-ún. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, mi ò ní purọ́. Bí mo bá da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ láàárọ̀, ó ń ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá àkùkọ ṣàwàdà. Bí fèrè rélùwéè bá sì dún, ọwọ́ mi a dúró lórí ohun tí mo bá ń ṣe.

Lóṣù tó kọjá, Ọ̀ṣẹ́nì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, wá sí Èkó fún ìsinmi. Ó yà sọ́dọ̀ wa, ó ní Sùnmọ́nù ránṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n sáré lọ di ẹrù!

"Ìyàwó wa, ó ní kí ẹ fi ẹyin mẹ́rìnlá rán mi, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Kí ẹ sì fi Òpìpì sí i, kó lè sàba lé wọn. Ó ti kan ilé adìyẹ sílẹ̀, ilé ńlá!"

Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ọmọ mi ò gbàgbé ilé!"

Mo bi Ọ̀ṣẹ́nì pé, "Èmi ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí yín gan-an ni."

Kó kí mi! Ṣé ẹni tó fẹ́ padà wálé ló ń kan ilé adìyẹ ńlá? Ó ránṣẹ́ pe Òpìpì, kò ránṣẹ́ pè mí.

Inú bí mi dé góńgó. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì fẹ́ padà, mo gbé ìkòkò kaná. Mo fẹ́ kí Òpìpì jókòó lé ẹyin sísè, kí Sùnmọ́nù máa ka ọjọ́, kí òun náà mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn máa retí ohun tí kò ní dé. Mẹ́tàlá ni mo sè. Mo mú ìkẹrìnlá dání, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹkún gbà mí. Ọwọ́ mi kọ̀, kò jù ú sómi.

Mo nù wọ́n, mo fi èédú sàmì sí gbogbo wọn bí a ti máa ń ṣe, kí ẹyin tuntun má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń sàba lé. Mo tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ gàrí. Mo so Òpìpì lẹ́sẹ̀, mo ní kó má bínú sí mi, mo sì gbé e fún Ọ̀ṣẹ́nì.

Bí mo bá kà á láti ọjọ́ tí Òpìpì dé Kàdúná, òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tí adìyẹ fi ń sàba kó tó pa. Ẹyin kan péré ló máa pa. Sùnmọ́nù á fọ́ àwọn tó kù wò. Ó mọ adìyẹ, ó sì mọ̀ mí, á mọ̀ pé èmi ni mo sè wọ́n. Ó lè kọ̀ mí sílẹ̀. Ó lè ní kí n máa bọ̀. Èyíkéyìí tó bá ṣe, mo fara mọ́ ọn, kó ṣáà ti jẹ́ pé èmi ló ránṣẹ́ sí lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ti di ẹrù mi. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn.