Ọdún Kan Tàbí Ọdún Méjì

Bí ọmọ mi bá sọ pé "ẹ ṣé" fún yín, ẹ má tíì yọ̀. Kò tíì dá yín lóhùn. Èmi tí mo bí i ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni ìyà rẹ̀ sì jẹ.

Máàkì rẹ̀ kò tó wọ yunifásítì tààrà. Ètò ìpìlẹ̀ ló kù, ọ̀nà méjì ló sì wà. Ti inú yunifásítì, ọdún kan péré ni, ṣùgbọ́n ìdánwò kan ṣoṣo ló wà níparí rẹ̀: ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé yá. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọdún méjì ni, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó máàkì jọ, ẹni tó bá sì yege á bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì. Àwọn méjèèjì ló gba ọmọ mi. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó lù.

Mo ti sọ fún un pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. "Ẹ ṣé, mà." Ọkàn mi balẹ̀. Àṣé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Ẹnjiníà, ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé yunifásítì ni, pé ọdún kan lòun náà fi ṣe tòun. "Ẹ ṣé, sà."

Alágbàfọ̀ ni mí. Láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà nígbà tí Ẹnjiníà wọlé, táì lọ́rùn, pé òun wá mú ọmọ òun lọ sí yunifásítì. Yunifásítì wo? Èmi tí mo ti wọ bàtà kọ́lẹ́ẹ̀jì sẹ́sẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́!

"Ìwọ, ta lo dá lóhùn nínú wa?" Ohùn mi ti ròkè.

Ọmọ náà ń to hángà tí kò sí aṣọ lórí wọn.

"Ìyàwó wa, fi í sílẹ̀," ni Ẹnjiníà wí. "Ọmọ tó ní ọpọlọ, o fẹ́ fi ọdún méjì rẹ̀ ṣòfò, kó lè máa bá ọ lọ aṣọ nírọ̀lẹ́?"

Ó dùn mí wọra, nítorí irọ́ kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà jó ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, mo wá bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. "Kí nìwọ fẹ́?"

Ó wolẹ̀. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kì í ṣe nítorí aṣọ, mà. Nǹkan máa ń yé mi tí mo bá fara balẹ̀. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Tí mo bá fìdí rẹmi, mi ò ní lè wojú Dádì Ẹnjiníà mọ́."

Mo fẹ́ yọ̀ pé mo borí, ojú Ẹnjiníà kò jẹ́. Ó jókòó lórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, tòun ti táì.

"Èmi náà fìdí rẹmi," ló wí. "Ọlọ́dún kan yẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́ ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé tí ẹnìkan nínú wa bá yege níbẹ̀, á kúrò lọ́kàn mi."

Ó yẹ kí n bínú, kí n ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Ọmọ náà lọ jókòó tì í, ó mí kanlẹ̀.

"Má sọ fún bàbá ẹ o," ni Ẹnjiníà wí fún un. Ó tún rò ó, ó mi orí, ó fa fóònù yọ, ó pe àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi, ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà. Ẹnjiníà ṣí ohùn fóònù síta, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń húkọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

"Bùọ̀dá mi, mo mọ̀," ni ọkọ mi wí. "Lẹ́tà tí yunifásítì fi sọ pé ẹ ò yege, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà. Mo kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́ padà."

"Láti ọgbọ̀n ọdún?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ yege. Ṣé èmi àbúrò ni màá wá ní ẹ ò yege?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tú táì, ó ká a sápò, ó sì fa ọmọ mi dìde pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní í dúró dè wọ́n.