Ooru Inú Ògiri

Oníṣẹ́ iná náà yọ gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: fíríìjì, fáànù, rédíò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ó pa gbogbo gílóòbù. Síbẹ̀, mítà kékeré tó fi há wáyà tó ń gbé iná wọlé kò padà sí òdo. Ìdajì ámpù ṣì ń ṣàn lọ síbì kan.

Orí rẹ̀ wú.

"Mo ti sọ fún yín," ni ìyá wí láti yàrá. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti sin bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni bàbá máa ń sùn sí. "Bàbá yín ò lọ ibì kankan."

Ẹ̀gbọ́n oníṣẹ́ iná, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti di ẹrù ìyá tán. "Màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá ògiri yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, lónìí ó ń jóni lọ́wọ́. Bí òkú bá ń gbóná sí i, alààyè á yáa kó kúrò ńlẹ̀. Ẹ ń bá mi lọ."

"Kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ sínú ògiri?"

"Bọ̀dá, ẹ fún mi láàyè di ìrọ̀lẹ́," ni àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Kí lo fẹ́ ṣe? O fẹ́ bi òkú léèrè ni?"

"Mo fẹ́ ṣírò rẹ̀ ni."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pẹ́ńsù. Òjìlénígba fóòtì ló ń ti iná náà, ìdajì ámpù ló ń ṣàn. Ó sọ wọ́n di púpọ̀: ọgọ́fà wáàtì. Ó fi ámpù pín fóòtì: ọ̀rìnlénírinwó óòmù ni ohun tó ń dènà iná náà. Ó wá rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdá kan nínú mẹ́rin ámpù ni òun rí, tóun sì rò pé mítà ló ń ṣìwèrè. Ìdènà ìgbà náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún óòmù ó dín ogójì. Ó ti já sí ìdajì, ooru sì ti di ìlọ́po méjì.

"Òkú kọ́," ó wí. "Wáyà kan ló ká lórí ara rẹ̀ nínú ògiri, àwọn ìká rẹ̀ sì ti ń kan ara wọn. Bí ìdènà rẹ̀ bá tún já sí ìdajì, ilé á jó."

Ó pa iná pátápátá. Ìyá fọwọ́ lé ògiri.

"Ó ń tutù! Ọmọ yìí, ó ń tutù! O fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì!"

Oníṣẹ́ iná gbẹ́ ògiri. Bíríkì kan wà níbẹ̀, tí wọ́n wé wáyà tó ń gbóná nínú sítóòfù oníná mọ́, létòlétò bí òwú ìránṣọ lára kẹ̀kẹ́. Aránṣọ ni bàbá wọn.

"Ó ní òun ń dí ihò eku," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ìbàdí ń dùn mí nígbà náà. Mo rò pé ara rẹ̀ ló ń mú mi móoru." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Oníṣẹ́ iná wé wáyà tuntun, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń gé e, títí mítà fi ka ẹgbẹ̀rún óòmù ó dín ogójì. Ó fi fíúsì tó máa já bí iná bá pọ̀ jù sí i, ó fi táìlì bo ihò náà, ó tan iná.

Ìdá kan nínú mẹ́rin ámpù. Ọgọ́ta wáàtì, kò lé, kò dín.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan táìlì náà, ó gbé ọwọ́ lé e pẹ́. Ó jáde, ó sì lọ já ẹrù ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìyá dùbúlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó di ojú.

"Ẹ sún díẹ̀," ó wí fún ọkọ rẹ̀.