Ilẹ̀kùn Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Jẹ́ẹ̀tì ogun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kò fò rí. Mẹ́ta péré ni wọ́n kàn dé ìdajì nígbà tí ìjọba ní àwọn ò ṣe mọ́, tí wọ́n sì ní kí àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kàn án fi ọwọ́ kan náà gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta. Gbogbo ayé gbà pé ó ti tán, àfi Tínńtín.

Tínńtín ni wọ́n ń pè é ní ilé-iṣẹ́ bàálù, orúkọ náà sì bá a di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó kéré, ó gbẹ, ara rẹ̀ yá bíi ti ológbò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán an wọ inú ìrù bàálù. Bí ẹni tó wà níta bá ń fi ẹ̀rọ lu rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìṣó kékeré tó ń so páànù mọ́ páànù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú tí yóò fi irin wúwo ti ìdí ìṣó náà kó lè dì. Tínńtín ni ẹni inú. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ló fi dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn yẹn, tí ariwo irin ń ho létí rẹ̀ bí omi gbígbóná.

Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ike ṣe bàálù kékeré fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ká-Ní, àwọn bàálù tí wọ́n pa kó tó délé ayé ló wà fún. Ká ní wọ́n parí ẹ̀, ọ̀dà wo ni wọn ì bá kùn ún? Nọ́ńbà wo ni ì bá wà nírù rẹ̀? Àmọ́ wọn kì í gba àlá lásán níbẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú pílánù rẹ̀ wá, kí ẹnì kan tó mọ bàálù náà sì ti fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ì bá rí. Tínńtín fẹ́ gbé jẹ́ẹ̀tì náà síbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọn yóò sì gba ìwé kẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù láyé tó mọ jẹ́ẹ̀tì náà tinú tòde: Fọ́manù, ọ̀gá wọn àtijọ́.

Bí oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe là báyìí, Tínńtín ká pílánù rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó ní kí ọmọ òun wa òun lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe. Òun ni yóò bá a gé ike, torí ọwọ́ ìyá ti ń gbọ̀n.

Àjà kẹta ni Fọ́manù ń gbé, ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí àgbàlá tí wọ́n ń fọ bọ́ọ̀sì. Ó ti lé lọ́gọ́rin dáadáa, ó fi òwú so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀. Ó tẹ́ pílánù sórí tábìlì, ó gbé ife tíì méjì lé etí rẹ̀ kó má bàa ká.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìlà fífà, Tínńtín? Ṣé adìẹ ni?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka tọ ìlà lọ. Ó ní imú rẹ̀ dára. Ó ní apá rẹ̀ dára, àmọ́ kí wọ́n so àgbá epo méjì mọ́ abẹ́ rẹ̀, torí jẹ́ẹ̀tì náà ì bá mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀ jù. Nígbà tó rí i pé Tínńtín kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, kí páànù tuntun méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ti ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ó mi orí. "O gbọ́n o. Ká ní ó fò, ì bá gbó."

Àfi bí ìka rẹ̀ ṣe dé abẹ́ ìrù, tó dúró síbẹ̀ gbagidi.

"Kí nìyí?"

"Ilẹ̀kùn ni, sà."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Èyí tí ẹ gé."

"Èmi? Kò sí ilẹ̀kùn kankan lára bàálù yẹn." Ló bá mú rọ́bà, ó pa á rẹ́.

Tínńtín mú pẹ́ńsù, ó tún un yà. Fọ́manù tún pa á rẹ́. Ó tún un yà. Ìwé náà ti fẹ́ máa ya. Nígbà tí Fọ́manù tún na ọwọ́ sí rọ́bà, Tínńtín ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ó fẹ́ jà. Gbogbo àwòrán bàálù náà ló ní orúkọ ẹni tó yà á, orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ti ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹni inú ò sí nínú wọn. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá kúrò, kò sí ibì kan lára jẹ́ẹ̀tì náà tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀ pé Tínńtín wà níbẹ̀ rí.

Ó rántí ọjọ́ náà bí àná. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Ó ki orí bọ ihò ìrù bó ti máa ń ṣe, orí wọlé, èjìká wọlé, ikùn há. Ọkùnrin méjì ló fà á lẹ́sẹ̀ jáde bí ẹni ń fa iṣu, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Fọ́manù fi ṣọ́ọ̀kì fa igun mẹ́rin sí abẹ́ ìrù, ó gé e, ó ní, "Máa gba ibí wọlé." Kò bi ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo wọn ti ń gba ibẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti di iṣẹ́ wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé ó tán.

"Bàbá Fọ́manù," ni ọmọ Tínńtín wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, "ẹ má bínú o. Láti kékeré lẹ ti ń pè mí ní Ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí lórúkọ yẹn. Ṣé fèrèsé lẹ fẹ́ pè mí tẹ́nu yín wá ṣì ni?"

Fọ́manù ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò fún ìjọba dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ihò náà, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí a gé gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló padà sílé. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé ihò tí mo gé ló lé wọn?"

 Láti ọjọ́ yìí ni Tínńtín ti rò pé ojú ló ń ti ọkùnrin náà pé òun gé bàálù nítorí aboyún kan.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ gbé sọ́kàn nìyẹn? Fọ́manù! Ọjọ́ wo lẹ gé ilẹ̀kùn?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni lẹ́tà ìjọba ti dé. Taipísì tó ń tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá pátápátá ló sọ fún mi nígbà tá a tò láti dá aṣọ iṣẹ́ padà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀gá fi jókòó lé e. Òkú bàálù lẹ gé ilẹ̀kùn sí, sà."

"O mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Ìgbàkígbà tí mo bá dárúkọ ẹ̀, ẹ ó ní kò sí ilẹ̀kùn! Báwo ni n óò ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Nísàlẹ̀, wọ́n ń da omi sára bọ́ọ̀sì kan. Fọ́manù gbọ́ ọ títí wọ́n fi pa omi náà. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́.

"Gbé pẹ́ńsù wá. Èyí tó o yà yìí kéré jù. Íńṣì mẹ́rìnlélógún ni mo gé. Ikùn rẹ tóbi ju báyìí lọ, mo wà níbẹ̀."

"Lára ti ike, ìdajì íńṣì ni yóò jẹ́," ni ọmọ wí, ó ti ń ṣírò.

"Síkúrúù la fi dè é nígbà náà. Àmọ́ ká ní wọ́n parí ẹ̀…" Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà. "Ká ní wọ́n parí ẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tú síkúrúù láràárọ̀. Híǹjì ilẹ̀kùn ni màá fi sí i, níwájú, kí atẹ́gùn máa pa á dé bí bàálù bá ń fò." Ó yà á.  Ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn: Èmi ni mo gé e.

"Ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi gé e," ni Tínńtín wí.

"Kí n kọ oyún sórí pílánù jẹ́ẹ̀tì ogun?"

"Ẹ kọ ọ́, sà."

"Wọn óò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Wọ́n ti fà mí lẹ́sẹ̀ jáde rí. Ẹ kọ ọ́."

Fọ́manù wo ìyá, ó wo ọmọ, ó tẹ orí pẹ́ńsù mọ́ ahọ́n, ó kọ oyún náà sílẹ̀, oṣù méje, ó sì fa ìlà sí i nídìí.