Ẹni Tó Ń Pe Àlàní

Ẹnu Ìyá Akíntáyọ̀, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì wọn ní Ugbor, nílùú Benin, ni Jùmọ̀kẹ́ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Ìyàwó, ta ni ọkọ rẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lábẹ́ igi máńgòrò yẹn? Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kọ́kọ́ dúró síbẹ̀, á máa bá a jà bí ẹni ń bá ìyàwó jà. Èmi ò rí nǹkan kan o. Búrẹ́dì ni mò ń tà."

Ara Jùmọ̀kẹ́ gbóná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lúgọ sẹ́yìn tánkì omi. Gbóyèga ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó gbé fóònù sétí.

"Mo ní kí o yé pè mí ní Àlàní! Jẹ́ n wọlé lọ jẹun ná."

Àlàní kẹ̀? Oríkì tí ìyá Gbóyèga fi lé Jùmọ̀kẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó kí màmá tó kú! Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Benin. Ó fò yọ, ó já fóònù gbà.

"Ìwọ alágbèrè yìí, ta ló kọ́ ọ ní oríkì ọkọ mi?"

Fóònù náà ti kú. Kò tilẹ̀ sí iná lójú rẹ̀.

Gbóyèga jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Jùmọ̀kẹ́. Ohùn ni mò ń gbọ́, láti ọdún tó kọjá. Mò ń lo oògùn, mo sì ń ṣiṣẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ló ní bí mo bá fẹ́ dá a lóhùn níta, kí n gbé fóònù sétí, káyé má baà pè mí ní wèrè."

Ìtura ló yẹ kó bá a. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó béèrè pé, "Ṣé ohùn obìnrin ni?"

"Obìnrin ni."

"Ṣé ó dùn ju tèmi lọ?"

"Jùmọ̀kẹ́!"

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Ó jọ tìrẹ. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. N kì í mọ èwo nínú yín ló pè mí. Jọ̀ọ́, Gbóyèga ni kí o máa pè mí. Tí mo bá ti gbọ́ Àlàní, màá mọ̀ pé òun ni, n kò ní dáhùn."

Kí òun máa pe ọkọ òun lórúkọ? Kí òun kó oríkì fún ẹni tí kò lójú, tí kò nídìí, tí kò se ọbẹ̀ fún un rí? Orogún ẹlẹ́ran ara, èèyàn lè gbá a létí. Èyí, níbo lèèyàn fẹ́ gbá?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gbóyèga múra iṣẹ́, ó forí lé ọ̀nà Ugbowo. Jùmọ̀kẹ́ dúró lẹ́nu géètì. "Gbóyèga" dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn tòun ṣì lágbára ju ti obìnrin yẹn lọ.

"Àlàní!"

Ìyá Akíntáyọ̀ gbójú sókè. Jùmọ̀kẹ́ tún un pè, tìfẹ́tìfẹ́, títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀.

Gbóyèga mi orí bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ, kò bojú wẹ̀yìn.