Ọjọ́ Tí Egungun Kò Ro Ó

Ìyá aránṣọ tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, nígbà tó ń fi téèpù wọ̀n mí láyà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbójú sókè.

Àkọ́bí rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn. Láti kékeré rẹ̀ ni ìyá ti mọ bí wàhálà ṣe ń bẹ̀rẹ̀: egungun á máa ro ó, á máa ké, wọn á gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìrora ni ìyá ń ṣọ́.

Ibà kan wá wọlé wọn. Àbúrò Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kó o bọ̀ láti iléèwé. Nǹkan sú sí i lára díẹ̀, ó yá, ó ń ṣeré kiri. Ló bá kan ẹ̀gbọ́n. Ara rẹ̀ gbóná, ó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kankan kò ro ó.

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Kò dùn mí, Màámi. Ó kàn rẹ̀ mí ni.”

“Ta ni kò rẹ̀? Bọ́tìnnì lásán lo ń rán, o ń mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì.”

“Ẹ bá mi rán an nígbà náà, ẹ̀yin alágbára.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyá ní Ọlọ́run ti fún àwọn ní ìsinmi lọ́wọ́ ìrora lọ́tẹ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ló fa ìpéǹpéjú ọmọ náà wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun báláú.

“Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lára ọmọ yìí! Ẹ fi máṣíìnì sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí tó fa ibà yẹn ló dá iṣẹ́ dúró níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn máa ń pẹ́ lára, ẹni náà kò ní fura rárá títí ara á fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í pẹ́, àrùn rẹ̀ máa ń tètè bà á jẹ́, ó sì ń tán kí tuntun tó dé.

Wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ títí. Ti ìyá kò bá tirẹ̀ mu. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé, ó ń kán tó, tó, títí ètè ọmọ fi pọ́n díẹ̀.

“Màámi, ẹ tún ń wò mí.”

“Ojú mi ni mo fi ń wò.”

“Ẹ lọ sùn nílé, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ń wò mí báyìí, mi ò lè sùn.”

Ìyá fẹ́ bi í bóyá nǹkan ń ro ó, ó gbé ìbéèrè náà mì. Kò mọ èyí tó yẹ kí òun máa bẹ̀rù mọ́, ìrora tàbí àìsí ìrora. Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn.