Ọjọ́ Ìbí Kì í Ṣe Ọjọ́ Ibi

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi kan ṣoṣo fẹ́ pé ọdún mẹ́jọ ní Sátidé, ó ku ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí ẹnì kan tó ní ọmọ òun ń bọ̀. Ẹnì kan! Káàdì méjìlá ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tuntun ni ní ilé ìwé náà. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí àdúgbò yìí, òun nìkan ló ń dá jókòó jẹun nígbà ìsinmi, olùkọ́ rẹ̀ ló sọ fún mi. Mo ní rárá o, mi ò ní gbà. Mo máa ṣe ọjọ́ ìbí kan fún un tó jẹ́ pé gbogbo wọn á fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́ tipátipá.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, òkè là ń gbé. Àwọn oníbàárà mi ń pè mí ní Ata Wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Ẹni tó kó aṣọ tó ti ní àbàwọ́n ọbẹ̀ wá, tó wá ní èmi ni mo bà á jẹ́, ṣé kí n máa kí i kú oríire ni? Ọmọ mi ò jọ mí rárá. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló jọ, atukọ̀ òkun tó ń wálé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní idán lòun fẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń múra. Àbúrò mi ọkùnrin, onígbàjámọ̀, la ní kó ṣe pidánpidán. Kóòtù dúdú kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹni tó ni ín ò wá gbà fún ọdún méjì. Mo gé e mọ́ àbúrò mi lára, mo sì rán àpò méje sínú rẹ̀, ti ẹyin, ti áńkáṣíìfù, ti ẹyẹlé onírọ́bà. A fi bébà dúdú bo páálí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ mi wá, a lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn, a gé ilẹ̀kùn kékeré sẹ́yìn rẹ̀ kí ọmọ tó bá wọ inú rẹ̀ lè yọ́ jáde láìjẹ́ pé àwọn tó wà níwájú rí i. Àbúrò mi ní kóun dán an wò, ó bá há síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jágbe mọ́ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n má ba páálí mi jẹ́.

Ọ̀kan tó ṣẹ́kù nínú káàdì náà wà lórí káńtà mi. Ní Túsìdeè, ọkùnrin kan tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ mú un, ó kà á sókè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin náà ẹ kà á, ẹ jọ̀ọ́."

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: *Ẹ wá bá Jẹ́jẹ́ ṣe ọjọ́ ibi rẹ̀. Idán lọ́tùn-ún, idán lósì. Ẹ mú ọmọ yín wá, yóò pòórá níṣojú yín!*

Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ló ní àmì ohùn lórí, kò sí èyí tó yẹ̀. Àfi ìbí. Ìbí nìkan ló wà níhòòhò.

"Ẹ pe èèyàn sí ọjọ́ ibi," ni ọkùnrin yẹn wí, ó ń nu ojú, "ẹ tún ní ọmọ wọn máa pòórá. Ta ló máa wá?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ojú mi ṣókùnkùn. Mi ò gba owó ṣòkòtò, mi ò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé tó wà ní títì kejì ni mo gbà lọ, mo sì ti ń pariwo kí n tó débẹ̀.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ ọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Níbo ni àmì orí ìbí wà? O fi àmì sórí ọjọ́, o fi sórí idán, ìgbà tó wá kan ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ mi ni yíǹkì tán! Wọn ò kọ́ ẹ níṣẹ́ ni àbí o sá lọ kí wọ́n tó kọ́ ẹ tán?"

Ó ṣí dúróà, ó wá ìwé kan jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́, pẹ̀lú báírò pupa tí mo fi ń kọ orúkọ oníbàárà. Ọjọ́ ní àmì, idán ní àmì, ìbí wà níhòòhò gbalaja.

"Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní ẹ ti ń kọ̀wé kí ìyá mi tó lóyún mi."

Lóòótọ́, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé mo máa gbà? Mo gbá tábìlì rẹ̀. "Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ọwọ́ mi, ṣé o fọ́jú ni? O rí i, o dákẹ́!"

"Mo rí i, Mọ́mì. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Mo pòṣé, mo jáde. Ẹ̀rù kí ni? Mo mú báírò, mo ní ilé-dé-ilé ni mo máa fi àmì sórí káàdì méjìlá yẹn. Ilé Ìyá Ìbejì ni mo ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Kíláàsì kan náà ni àwọn ìbejì rẹ̀ àti Jẹ́jẹ́ wà. Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, mi ò sì jẹ́ kó kí mi tán.

"Ìbí ni mo fẹ́ kọ o, kì í ṣe ibi! Ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣépè fọ́mọ rẹ̀? Ẹ gbé káàdì yẹn wá kí n tún un ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Jẹ́jẹ́, ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ ni? A ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Ta ni kì í ṣàṣìṣe?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò ní mú àwọn ọmọ wá?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó lọ́ṣẹ. "Ẹ bi Jẹ́jẹ́."

"Kí ni kí n bi Jẹ́jẹ́?"

"Ẹ ṣáà bi í. Mo bẹ̀ yín, ẹ rọra bi í."

Mo gbé ìbínú mi délé bó ṣe gbóná. Jẹ́jẹ́ wà ní yàrá, ó ń kọ́ bí áńkáṣíìfù ṣe ń wọ inú ọwọ́ aṣọ.

"Jẹ́jẹ́! Kí lo sọ fún àwọn ìbejì?"

Ó di áńkáṣíìfù náà mú.

"Mo ní kí lo sọ!"

Áńkáṣíìfù já bọ́. "Mo ní kí wọ́n má wá."

"Àwọn méjèèjì?"

"Gbogbo wọn."

"Háà! Jẹ́jẹ́! Lẹ́yìn kóòtù, lẹ́yìn páálí, lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí? Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Torí ẹ máa pariwo mọ́ wọn, Mọ́mì." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. "Bí ẹ ṣe pariwo mọ́ olùkọ́ wa nígbà tí bọ́tìnì mi já. Bí ẹ ṣe pariwo mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì nígbà tó da omi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tọ̀ sára, ẹ ò rí i. Wọ́n fẹ́ wá. Èmi ni mo ní kí wọ́n má wá."

Mo la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Ariwo ló jáde. Ọmọ mi sì gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fi bo etí, kò tiẹ̀ kánjú, bí ẹni tó ń ká aṣọ wọlé nígbà tójò ṣú. Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́.

Ìyá mi máa ń wí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ò mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ni tèmi máa kó o bá. Inú bí mi sí Jẹ́jẹ́, inú bí mi sí Ìyá Ìbejì, inú bí mi sí atẹ̀wé àti olùkọ́ àti bọ́tìnì, ìgbà tí kò sì sí ẹni tó kù mọ́, inú bí mi sí ara mi. Ìbínú yẹn náà ni mo fi sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Kí wọ́n máa bọ̀. Èmi ò ní sí níbẹ̀."

Mo rò pé á ní rárá o, Mọ́mì, ẹ̀yin kẹ̀? Mo ń dúró dè é.

Ó gbójú sókè. "Ṣé lóòótọ́?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì péré. Ọwọ́ ọkọ mi ò kàn mí rí, bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá mi, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbátí lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn mọ́kànlá ló wá ní Sátidé. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ sókè, wọ́n rọra kí mi, èmi náà rọra kí wọn, mo di ẹnu mi bí ẹni tó gbé omi sí i. Ìyá Ìbejì ló ń pín àkàrà òyìnbó. Mo dúró ti tábìlì, mo ń lọ aṣọ. Mo gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ lókè, ó dájú pé páálí mi ni. Mo ti gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn kí n tó rántí, mo bá padà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fò, eruku ń bọ́ láti orí àjà sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Inú bí mi, mo gbọn ṣẹ́ẹ̀tì náà, mo tún un lọ̀.

Ohùn kan wá ga ju gbogbo wọn lọ. Ọmọbìnrin kan ń pariwo, ó ń pàṣẹ, ó ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má wo ẹ̀yìn páálí, òun ló kàn! Mo ń bi ara mi pé ọmọ ta ni aláriwo yìí, èwo ni òbí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọmọ mi ni. Ọdún mẹ́jọ, mi ò gbọ́ ohùn yẹn rí.